Gbọ̀ngàn tí Mo Dí Fèrèsé Rẹ̀

Mo rántí ìgbà tí aṣọ ìnujú méjì máa ń wà lápò mi bí mo bá ń lọ síṣẹ́: ọ̀kan fún ẹfun ìkọ̀wé, èkejì fún òógùn. Mo ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ olùkọ́ nígbà náà, ṣùgbọ́n yunifásítì kan lágbègbè wa ní kí n máa wá kọ́ àwọn ọmọ ọdún kìíní. Láti Ìsàn, ìlú tí mò ń gbé, ni mo ti ń gun ọ̀kadà lọ. Wọ́n tún fi mí ṣe akọ̀wé ìgbìmọ̀ tó ń mójú tó àwọn ilé inú ọgbà, nítorí pé wọ́n mọ̀ mí sí ẹni tó fẹ́ràn ètò.

Ètò náà ló kó bá mi. Igi odán mẹ́ta wà níhà ìwọ̀-oòrùn gbọ̀ngàn ìdánwò, ewé wọn kì í sì í jẹ́ kí ilẹ̀ mọ́. Lójú èmi tí mo ti fi ọgbọ̀n ọdún ní kí àwọn ọmọ ilé ìwé máa gbálẹ̀, ewé nílẹ̀, ìdọ̀tí ni. Mo ní kí wọ́n gé wọn. Nígbà tí gbọ̀ngàn bẹ̀rẹ̀ sí í gbóná, a ra ẹ̀rọ amúlétutù, mo sì ní kí wọ́n fi búlọ́ọ̀kù dí ọ̀pọ̀ fèrèsé kí òtútù má baà jáde. Bí iná bá lọ, ẹ̀rọ amúnáwá a máa bú ramúramù. Bí dísẹ́ẹ̀lì bá tán, a ó kó àwọn ọmọ jáde. Síbẹ̀, mo rò pé mo gbọ́n.

Lẹ́yìn náà ni obìnrin ẹnjiníà kan dé, olùkọ́ tuntun tí mo lè bí lọ́mọ. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, ó mú mi lọ sídìí ògiri ìwọ̀-oòrùn.

“Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fọwọ́ kàn án.”

Mo fọwọ́ kàn án, mo sì yára fà á kúrò.

“Ta ló gé igi tó wà níbí?”

Ìyá tó ń gbálẹ̀ ibẹ̀ bú sẹ́rìn-ín. “Mọ̀dáàmù, ẹni tí ẹ mú wá yìí náà ni! Àwọn ló sọ ulé yìí di ààrò.”

Ẹnjiníà kò rẹ́rìn-ín rárá. “Ẹ jẹ́ ká tún un ṣe, sà,” ló wí.

Ìgbìmọ̀ fún un ní sáà ẹ̀kọ́ kan péré. Bí àwọn ọmọ kò bá lè parí ìdánwò níbẹ̀, a ó tún dí fèrèsé, kò sì ní fọwọ́ kan ilé mìíràn mọ́. Àwọn kan ti ń pè é ní Ìyá Atẹ́gùn. Ó la fèrèsé ìhà méjèèjì kí afẹ́fẹ́ lè gba inú gbọ̀ngàn kọjá, ó ní kí wọ́n dá ihò sábẹ́ òrùlé kí ooru lè jáde, ó fi ọparun ṣe ìbòòji fún ògiri, ó gbin igi, ó sì fi sólà gbé fáànù àti gílóòbù. Òun àti káfíńtà ló jọ ń gun òrùlé.

Lọ́jọ́ ìdánwò, iná lọ. Èmi ni mò ń ṣọ́ àwọn ọmọ. Ọmọbìnrin kan nawọ́ sókè, mo sì ní lọ́kàn mi pé ẹjọ́ ooru ti dé.

“Sà, ẹ bá mi ti fèrèsé yìí díẹ̀. Atẹ́gùn ń gbé pépà mi lọ.”

Nígbà tí ìgbìmọ̀ jókòó, alága béèrè ohun tó mú kí gbọ̀ngàn tó dára bẹ́ẹ̀ máa gbóná tẹ́lẹ̀. Ẹnjiníà ní, “Oòrùn ìrọ̀lẹ́ ló ń lu ògiri rẹ̀, sà.” Kò wo ọ̀dọ̀ mi. Mo dìde, mo ní èmi ni mo gé igi, èmi náà ni mo dí fèrèsé.

Alága wò mí. “Akọ̀wé, ẹ kọ ọ́ sílẹ̀.”

Mo kọ ọ́.

Lónìí, ilé mélòó kan nínú ọgbà náà ló ti rí bí gbọ̀ngàn yẹn. Ṣùgbọ́n bí mo bá rántí obìnrin náà, kì í ṣe sólà ló kọ́kọ́ ń wá sí mi lọ́kàn. Mo fi bírò pupa fa ilà sábẹ́ àṣìṣe àwọn ọmọ ọlọ́mọ fún ọgbọ̀n ọdún. Ó rí tèmi, ó tún un ṣe, kò sì fa ilà kankan sí i.