Ọwọ́ Tí Dádì Gbé Lé Ọmọ Wa Lórí

Mo ti tọ́jú arúgbó púpọ̀ ní New York, mi ò sì pe ẹnikẹ́ni nínú wọn ní Dádì àfi ẹyọ kan. Nígbà tí wọ́n ń kọ́ wa níṣẹ́, wọ́n kìlọ̀ pé ẹni tí à ń tọ́jú kì í ṣe ẹbí wa, orúkọ rẹ̀ ni ká máa pè é. Mo gbọ́, mo sì buwọ́ lùwé. Ṣùgbọ́n báwo ni mo ṣe fẹ́ dúró gbagidi, kí n máa pe ọkùnrin tó ti lé lọ́gọ́rin ọdún lórúkọ? Láàárọ̀ ọjọ́ kejì tí mo dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, mo kúnlẹ̀ kí i. Ó rò pé nǹkan ló bọ́ lọ́wọ́ mi, ló bá ń bá mi wá a nílẹ̀.

Staten Island ló ń gbé, bọ́ọ̀sì kan péré ni láti ilé wa ní Mariners Harbor. Ọmọ Áyáláǹdì ni, láti apá àríwá, níbi tí Kátólíìkì àti Pùròtẹ́sítáǹtì ti para wọn fún ọ̀pọ̀ ọdún. Búrẹ́dì ló ń fi ọkọ̀ gbé kiri nígbà èwe rẹ̀. Ìtàn tó fẹ́ràn jù ni ti bárékè ṣọ́jà Gẹ̀ẹ́sì kan tó máa ń já búrẹ́dì sí láràárọ̀, bí àwọn ọ̀dọ́ ṣọ́jà ṣe máa ń sáré jáde wá gba èyí tó gbóná, tí wọ́n á máa fi fìlà rẹ̀ ṣe yẹ̀yẹ́. Tó bá ti dé ibi fìlà, á rẹ́rìn-ín. Ibẹ̀ ni ìtàn náà máa ń parí sí.

Torí ìtàn yẹn ni mo ṣe sọ ti àbúrò mi fún un. Ṣọ́jà ni àbúrò mi. Àwọn tó ní àwọn ń jà nítorí ẹ̀sìn ló fi bọ́ǹbù fọ́ bárékè wọn lókè Ọya; inú ọkọ̀ tó ń gbé omi wá fún wọn ni wọ́n kó o sí wọlé. Wọn ò jẹ́ kí ìyá wa mọ ibi tí wọ́n sin ín sí, bí wọ́n ṣe ń ṣe é nílé wa tí ọmọ bá kú ṣáájú òbí. Ó fi ọmọbìnrin kan sílẹ̀, èmi ni mo mú un wá síbí. Nígbà tí mo sọ ọ́ tán, Dádì di ọwọ́ mi mú, ó sunkún. Mo rò pé àánú mi ló ṣe é.

Nígbà tí ọmọ náà pé ọdún mọ́kàndínlógún, ó ní iṣẹ́ ṣọ́jà Amẹ́ríkà lòun máa ṣe, bíi ti bàbá òun. Mo bẹ̀ ẹ́, mo bínú, kò gbọ́. Mo ní ó dáa, ṣùgbọ́n kò ní lọ láìjẹ́ pé àgbàlagbà ọkùnrin súre fún un. Bàbá wa ti kú. Pásítọ̀ wa, mo lè bí i. Ni mo bá mú ọmọ lọ sọ́dọ̀ Dádì. Ó kúnlẹ̀, Dádì gbọ́wọ́ lé e lórí. Ó ní iná ò ní jó o, pé ibikíbi tó bá wọ̀, á jáde níbẹ̀ lódindi. Èmi ni mo ń pariwo àmín.

Lóṣù tó tẹ̀ lé e, ọ̀rẹ́ Dádì àtijọ́ kan wá kí i láti ìlú wọn. Mo gbé tíì fún wọn, mo jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, mò ń ká aṣọ. Lójú irú àlejò bẹ́ẹ̀, èmi àti àga ò yàtọ̀. Ó gbá Dádì léjìká, ó ní di òní olónìí, ìjọba ò mọ ẹni tó wa ọkọ̀ búrẹ́dì tó gbé bọ́ǹbù wọ bárékè lọ́jọ́ yẹn. Ó ní àwọn tó wà ní géètì ò tilẹ̀ yẹ ọkọ̀ wò mọ́, torí wọ́n mọ Dádì bí ẹni mowó. Ó ní àwọn tó sáré wá gba búrẹ́dì ló kọ́kọ́ kú. Dádì ò wo ọ̀dọ̀ mi. Mo ká ṣẹ́ẹ̀tì kan, mo tú u, mo tún un ká.

Nígbà tí àlejò lọ, mo ní, “Dádì, ṣé àwọn tó ń fi fìlà yín ṣe yẹ̀yẹ́ náà ni?”

Ó ní, “Àwọn ni.” Ó tún ní, “Kò sẹ́ni tó kúnlẹ̀ fún mi rí, àfi ẹ̀yin méjèèjì. Mi ò fẹ́ kó tán.”

Ẹ̀jẹ̀ àwọn ọmọ yẹn wà láàárín òun àti Ẹlẹ́dàá rẹ̀ àti àwọn ìyá wọn. Èyí tó ṣe sí mi ló ń jó mi lára. Ó mọ irú ikú tó pa bàbá ọmọ náà, ó sì jẹ́ kó kúnlẹ̀. Rárá lásán ló yẹ kó sọ. Ó fi èmi àti àmín mi ṣe ẹlẹ́yà.

Mo bẹ ọ́fíìsì wa kí wọ́n gbé mi kúrò níbẹ̀, wọ́n ní kò sí ẹlòmíì lọ́wọ́. Mo ṣì ń wẹ̀ fún un, mo ń fún un lóògùn. Orí ìdúró ni mo ti ń kí i báyìí, orúkọ rẹ̀ ni mo sì ń pè é, bí ìwé iṣẹ́ ṣe wí. Mi ò sọ fún ọmọ. Àdúrà yẹn ló gbójú lé.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan tí mo wà lọ́dọ̀ bàbá náà, ọmọ pè mí láti bùdó ṣọ́jà wọn. Ó ní, “Mọ́mì, wọ́n ń kó wa lọ sókè òkun lọ́la. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fún Dádì ní fóònù, kí wọ́n tún gbàdúrà fún mi, please.”

Ohùn rẹ̀ gba gbogbo yàrá. Bàbá náà gbọ́ orúkọ tí mi ò fi pè é mọ́. Ó na ọwọ́ ọ̀tún sí mi, ọwọ́ ọjọ́ yẹn gan-an, ó sì ń fi ojú bẹ̀ mí.

Mo wo ojú náà, mo ní, “Dádì ń sùn.”

Ọmọ ní tí wọ́n bá jí, kí n bá òun kí wọn. Mo ní màá kí wọn. Mo fi fóònù sápò, mo sì lọ bu omi tí yóò fi lo oògùn wá.