Ìlà Kan Lára Ìkòkò Domitila

Ní àárọ̀ ọjọ́ Ẹtì, ẹ̀ẹ̀mẹta ni Librada gbálẹ̀. Ó gbá yàrá, ó gbá ilé ìdáná, ó tún mú ìgbálẹ̀ jáde lọ gbá àgbàlá, bẹ́ẹ̀ erùpẹ̀ lásán ló wà níbẹ̀, erùpẹ̀ náà ni yóò sì tún wà níbẹ̀ lọ́la. Ó gbé ẹ̀wà kaná, ó lọ wò ó, kò tíì jókòó tó fi tún padà lọ wò ó. Ẹ̀wà kì í sá lọ. Librada fúnra rẹ̀ ló ń sá, ohun tó sì ń sá fún kò ju ìkòkò funfun kan lọ, tó wà lórí tábìlì lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé.

Ẹni ọdún mọ́kàndínláàádọ́ta ni. Ní Mata Ortiz, abúlé wa níbí, tí ó ṣòro kí ènìyàn wọ ilé méjì láì bá amọ̀kòkò pàdé, kò sí ẹni tí kò mọ̀ pé ọwọ́ rẹ̀ dára. Irun orí ọmọdé bíi mẹ́wàá la fi ń ṣe búrọ́ọ̀ṣì tiwa, Librada sì lè fi í kun ẹgbẹ̀rún àpótí kéékèèké sára ìkòkò kan, kí ìkankan má ju èkejì lọ. Ṣùgbọ́n láti ọdún mọ́kàndínlọ́gbọ̀n tó ti ń ṣiṣẹ́ yìí, kò fa ìlà àkọ́kọ́ rí. Domitila, ẹ̀gbọ́n rẹ̀, ló ń fà á. Domitila á mọ ìkòkò, á fa ìlà tó yí i ká, á wá tì í sí àbúrò rẹ̀ pé kí ó máa bá iṣẹ́ lọ.

Kí ẹnikẹ́ni má rò pé ọ̀rọ̀ eré ni ìlà àkọ́kọ́. A kì í kọ́kọ́ fi pẹ́ńsù tọ́ ọ, a kì í sì í pa á rẹ́. Bí búrọ́ọ̀ṣì bá ti kan ara ìkòkò, kò gbọdọ̀ gbéra títí yóò fi yí ká padà síbi tó ti bẹ̀rẹ̀. Bí o bá gbé e, ọ̀dà á gbẹ, ojú ibi tí o ti so ó pọ̀ á hàn, iná á sì tún jẹ́ kó hàn sí i. Ìdí nìyẹn tí a kì í fi í pe orúkọ ẹni tó bá ń fa ìlà. Bí ilé bá ń jó, àwa ará ibí á dákẹ́ pọn omi ni.

Lọ́dún tó kọjá ni ọwọ́ Domitila bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n. Ife ló kọ́kọ́ ń bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀, lẹ́yìn náà ṣíbí. Nígbà tí òtútù kásẹ̀ nílẹ̀, ó fi gbogbo agbára tó kù fún un mọ ìkòkò kan. Ọjọ́ mọ́kànlá ló gbà á. Ara ìkòkò náà fẹ́lẹ́ bí èèpo ẹyin, ó sì sọ pé òun kò ní mọ òmíràn mọ́. Rogelio ọmọ rẹ̀ ń bọ̀ lọ́jọ́ Àbámẹ́ta láti wá mú un lọ sí Arizona, ní òdìkejì ibodè, níbi tí dókítà wà. Ẹni àádọ́rin ọdún ni Domitila. Gbogbo wa la mọ iye ẹni tó ti irú ibẹ̀ yẹn padà wá ní irú ọjọ́ orí yẹn.

Domitila ló tọ́ Librada, nítorí ìkókó ni nígbà tí ìyá wọn kú. Nítorí náà, bó bá fẹ́ sọ̀rọ̀ sí i, kì í fi epo kankan sí i.

"Mo mọ̀ ẹ́. Bí mo bá lọ láì rí i pé o bẹ̀rẹ̀, o ò ní bẹ̀rẹ̀ mọ́ láyé. Wàá lọ máa fọ àwo fún wọn nílùú Casas Grandes."

"Mò ń bọ̀ wá ṣe é, Ẹ̀gbọ́n. Mo kàn fẹ́ kó dán díẹ̀ sí i ni."

Díẹ̀ sí i yìí ló di ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Lójoojúmọ́ ni Librada ń gbé ìkòkò lé itan, tí á fi òróró díẹ̀ pa á, tí á máa fi òkúta tó jọ̀lọ̀ ra á, títí ènìyàn fi lè rí fèrèsé lára rẹ̀. Ìtìjú ò jẹ́ kó sọ pé ẹ̀rù ló ń ba òun. Ilé náà wá dà bí ìgbà tí adìyẹ bà lókùn: ara ò rọ okùn, ara ò rọ adìyẹ.

Àṣejù sì ni baba àṣetẹ́. Ní ọ̀sán ọjọ́ Ẹtì yẹn, nígbà tí kò rí ohun tí yóò gbá mọ́, ó jókòó, ó po ọ̀dà dúdú, ó ki búrọ́ọ̀ṣì bọ̀ ọ́, ó sì fi kan ìkòkò. Ọ̀dà náà kó ara rẹ̀ jọ bí omi lórí àwo ọlọ́ràá, ó sì ṣàn wálẹ̀. Kò dúró rárá.

Domitila dìde lẹ́bàá ààrò, ó fi ìka tó ń gbọ̀n pa ìkòkò náà lára.

"O ti ra á jù! Ó yẹ kó mu ọ̀dà, o sì ti dí i lẹ́nu pátápátá. Ẹni tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ lánàá ò ní ṣe báyìí."

"Ẹ̀rù ló ń bà mí, Ẹ̀gbọ́n."

"Ṣé ìwọ nìkan lẹ̀rù ń bà ni? Èmi tí mò ń lọ síbi tí wọ́n ti ń ra tortíyà nínú ọ̀rá, dípò kí wọ́n yan án nílé, ńkọ́?"

Ẹ̀rín pa Librada, ẹkún sì gbọ̀n ọ́n, kò mọ èyí tí ì bá mú. Ó mú sáńpépà, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í ha gbogbo dídán náà kúrò. Bó ṣe ń ha á ló ń mọ̀ ọ́n lábẹ́ ọwọ́ pé ìkòkò náà ń fẹ́lẹ́ sí i. Nígbà tó ṣe tán, Domitila fi èékánná ta á, ó sì fetí sí i.

"Èyí ló kù o. Bí o bá tún ha á, ìka ẹ á yọ sínú."

Ní àárọ̀ ọjọ́ Àbámẹ́ta, Librada tún fi òkúta ra á díẹ̀. Domitila ní ó tó. Librada ní díẹ̀ sí i. Domitila gba òkúta náà lọ́wọ́ rẹ̀. Ni Librada bá dìde láti lọ fún adìyẹ lóúnjẹ, adìyẹ tó ti jẹun yó. Ó ní búrọ́ọ̀ṣì ń fẹ́ fífọ̀. Ó ní oòrùn pọ̀ jù lójú fèrèsé. Aago mẹ́wàá lù, Rogelio gbé ọkọ̀ akẹ́rù rẹ̀ dúró lẹ́nu ọ̀nà.

"Àǹtí, ẹ káàárọ̀ o. Màmá, èrò ti pọ̀ ní ẹnu ibodè. Ká tètè máa lọ."

"Kó ẹrù sínú ọkọ̀, kí o fi mí sílẹ̀," ni Domitila wí. Ó jókòó ní òdìkejì tábìlì, ó sì fi itan tẹ ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì mọ́lẹ̀ kí tábìlì má bàa mì. "Ojú lọ̀lẹ, Liba. Má wò ó mọ́. Fọwọ́ kàn án."

"Bó bá bàjẹ́ ńkọ́?"

"Kó bàjẹ́! Èmi ni mo mọ ọ́n, èmi ni mo ní kí o fà á."

Ni inú bí Librada, irú ìbínú tí kò bí i rí.

"Ẹ̀yin náà lẹ bà mí jẹ́! Ọdún mọ́kàndínlọ́gbọ̀n, Ẹ̀gbọ́n! Ẹ ò jẹ́ kí n fà á lọ́jọ́ kan ṣoṣo! Lọ́jọ́ tẹ́ ẹ wá ń lọ lẹ ní kí n wá fà á!"

Rogelio tó gbé àpótí lérí dúró sẹ́nu ọ̀nà, kò mọ ibi tí yóò kọjú sí.

"Òótọ́ ni," ni Domitila wí nígbẹ̀yìn. "Mo lè kọ́ ẹ lọ́dún kìíní. Mi ò fẹ́ ni. Mo fẹ́ kí o máa nílò mi."

Librada wò ó títí. Bí ìbínú náà ṣe wà lọ́rùn rẹ̀, ó ki búrọ́ọ̀ṣì bọ ọ̀dà, ó gbé ìkòkò lé itan, ó sì fà á.

Ọ̀dà náà dúró. Ọwọ́ òsì rẹ̀ ń yí ìkòkò díẹ̀díẹ̀, ọwọ́ ọ̀tún dúró pa síbi kan, bó ṣe ti ń wò ó lọ́wọ́ Domitila láti ọjọ́ pípẹ́. Nígbà tí ìlà náà dé ìdá kan nínú mẹ́rin, ó gbọ́ tí àga ha ilẹ̀. Ó gbọ́ ẹsẹ̀ tó ń rọra lọ.

"Màmá, ẹ ò ní dágbére fún..."

"Pa ẹnu ẹ mọ́," ni Domitila sọ wúyẹ́wúyẹ́.

Ọkọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í kùn. Ìlà ti dé ìdajì. Librada mọ̀ pé bí òun bá gbé búrọ́ọ̀ṣì náà kúrò báyìí, tí òun sì sáré, òun á bá wọn kí wọ́n tó yà lẹ́bàá ibùdó ọkọ̀ ojú irin àtijọ́. Òun á dì mọ́ ẹ̀gbọ́n òun. Òun á bẹ̀ ẹ́ fún ohun tí òun sọ. Ẹsẹ̀ rẹ̀ ti ń rìn lábẹ́ tábìlì. Omijé kún ojú rẹ̀, ó sì yẹ orí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kí ó má bàa kán sórí ìkòkò, èjìká rẹ̀ ló kán sí. Ọwọ́ òsì rẹ̀ kò dúró. Ó ń gbọ́ ìró ọkọ̀ náà títí ó fi rékọjá odò, títí kò fi gbọ́ ọ mọ́.

Ìlà náà yí ká padà síbi tó ti bẹ̀rẹ̀. Kò bára mu tán, ó fi bí irun kan ga jù.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ wò ó!" ni ó ké, kí ó tó rántí.

Ó sunkún gan-an nígbà náà, ó fi apá nu ojú, ó tún sunkún. Lẹ́yìn náà ó ki búrọ́ọ̀ṣì bọ ọ̀dà, ó sì fa ìlà kejì, nítorí ọ̀dà náà ti ń gbẹ.