Epo Inú Spáàkì

Ẹni tó bá sọ fún yín pé ẹ̀rọ ló ń ṣiṣẹ́ ní ṣọ́ọ̀bù wa l'Ágége, irọ́ ló pa. Èmi ni mò ń ṣiṣẹ́. Spáàkì la ń pe ẹ̀rọ náà: iná mànàmáná ló fi ń jẹ irin díẹ̀díẹ̀ nínú epo tó mọ́ gaara bíi kẹrosíìnì, títí mọ́ọ̀dù tí wọ́n fi ń ṣe ìdérí ìgò á fi jáde. Irin tó bá jẹ á di èérí dúdú sínú epo. Bí èérí bá pọ̀, iná á máa jẹ ibi tí kò yẹ, mọ́ọ̀dù á bàjẹ́. Ta ló ń gbọ́n epo, tó ń sẹ́ ẹ, tó ń fọ ìdí táǹkì? Èmi náà ni. Wọ́n ní iṣẹ́ kì í pani. Ẹni tó sọ bẹ́ẹ̀ ò fọ táǹkì rí. Ó ti sú mi.

Ọ̀gá wa sì ti sọ ọ́ lójú gbogbo wa: bí mọ́ọ̀dù kan bá tún bàjẹ́, àwọn á ta spáàkì. Bó bá lọ, kí ni mo fẹ́ máa ṣe níbẹ̀? Ọjọ́ ti lọ lórí mi láti kọ́ iṣẹ́ míì.

Ìyá ọ̀gá gbọ́. Aládùúrà ni Màmá, wọ́n sì fẹ́ràn mi. Láàárọ̀ ọjọ́ Sátidé kan, mo bá wọn níwájú ẹ̀rọ nínú aṣọ funfun, láìwọ bàtà, ìgò òfìfo lọ́wọ́.

"Mo ti bá ọ yanjú ẹ̀," ni Màmá wí. "Wọn ò ní tà á mọ́, lágbára Ọlọ́run."

Mo wo inú táǹkì. Yéè! Omi àdúrà ni Màmá dà sínú epo, wọ́n tún tan pọ́ǹpù kó lè kárí. Epo ti funfun bí omi ògì.

"Màmá, ẹ jọ̀ọ́, omi kì í wọ ibẹ̀ o!"

"Omi lásán kọ́ ni mo dà síbẹ̀."

Àgbà ni wọ́n. Mo ní, "Ẹ ṣé, mà." Inú ń bí mi, àánú wọn tún ń ṣe mí.

Mo pa pọ́ǹpù, mo fi epo sílẹ̀ títí di ọjọ́ Mọ́ńdè kó tòrò, kí omi lọ sísàlẹ̀. Mo tú omi náà dànù nídìí táǹkì, mo pààrọ̀ asẹ́, mo fi àkísà nu gbogbo kọ̀rọ̀. Kò sẹ́ni tó bá mi dá sí i. Nígbà tí mo tan án, iná ń dún geere bí àkàrà nínú epo gbígbóná, mọ́ọ̀dù sì jáde, ó ń dán. Inú mi dùn débi pé mo jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀.

Lọ́jọ́ kejì, ọ̀gá mú ọkùnrin kan wá láti Onígbòǹgbò. Ọkùnrin náà ti ọwọ́ bọ epo, ó gbé e sójú ìmọ́lẹ̀.

"Háà, ẹ̀rọ yín mà mọ́ o!"

Ọ̀gá gbá mi léjìká. "Ẹni tó ń tọ́jú ẹ̀ rèé."

Mo ní, "Ọ̀gá, mọ́ọ̀dù ò mà bàjẹ́ mọ́."

Ọ̀gá ní, "Ìgbà tí nǹkan bá ń ṣiṣẹ́ dáadáa lèèyàn ń tà á."

Wọ́n ní kí n gbọ́n epo spáàkì sínú kẹ́ẹ̀gì kí ọkọ̀ tó máa gbé e lọ tó dé. Mo gbọ́n ọn. Mo tún kọ́kọ́ sẹ́ ẹ.