Àwọn Ohùn Tí N Kò Pè Lórúkọ

Kí ìyá mi kékeré, àbúrò ìyá mi tó ń gbé ní Odígbó, tó gba fóònù tuntun, n kò mọ̀ pé áàpù tí mo ṣe ti di arúgbó.

Àwọn ọmọ rẹ̀ ni wọ́n ra fóònù náà fún un nítorí pé ojú rẹ̀ ti ń ṣú, wọ́n sì fẹ́ fóònù tí ojú tirẹ̀ fẹ̀. Ohun kan ṣoṣo ni ó ń fi fóònù ṣe tó ṣe pàtàkì lójú rẹ̀. Láràárọ̀, tí ó bá ti gbàdúrà tán, á tẹ àwòrán kòkó pupa kan, ohùn ọkọ rẹ̀ olóògbé á sì ka sáàmù fún un ní ẹ̀ka èdè Ìkálẹ̀. Èmi ni mo ṣe áàpù tó gbé ohùn náà. Ìwádìí lórí ẹ̀ka èdè yìí ni iṣẹ́ mi, nígbà tí àwọn àgbà ilé àdúrà tí òun àti ọkọ rẹ̀ ń lọ sì wà láyé, mo lọ gba ohùn wọn sílẹ̀ ní Odígbó, ní Omífunfun àti ní Aráròmí-Obù. Ọkọ rẹ̀ wà lára wọn. Ó máa ń wúkọ́ díẹ̀ kí ó tó sọ̀rọ̀, n kò sì gé ikọ́ náà kúrò.

Fóònù tuntun kọ áàpù náà. Ó ní àwọn fóònù àtijọ́ ni a ṣe é fún. Mo rò ó pé kí n fi ohùn náà nìkan ránṣẹ́ sí i, ṣùgbọ́n kò lè ríran wá a láàárín àwọn nǹkan mìíràn. Àwòrán pupa yẹn ni ọwọ́ rẹ̀ mọ̀. Mo bẹ̀ ẹ́ pé kí ó ní sùúrù fún mi, mo sì jókòó ti kọ̀ǹpútà nílé mi ní Ọ̀rẹ̀.

Áàpù kì í ṣe ohun tí a ń kọ tán tí a kàn ń gbé lé fóònù lọ́wọ́. Àwọn irinṣẹ́ kan wà láàárín, tí ń kó ohun tí a kọ jọ, tí ń tò ó, tí ń dì í ní ìdì tí fóònù lè tú. Ọwọ́ ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni ó ṣe àwọn irinṣẹ́ wọ̀nyí, ọ̀kan sì gbára lé èkejì. Ẹni tó bá ti fi ṣéènì tuntun sí ọ̀kadà ògbólógbòó mọ bí ó ti ń rí: eyín irin tí ṣéènì ń yí lé ti gbó, kò ní pẹ́ jẹ ṣéènì tuntun náà, eyín náà á wá di pípààrọ̀. Mo pààrọ̀ irinṣẹ́ kan, ó béèrè èkejì. Mo pààrọ̀ èkejì, ẹ̀kẹta ní òun kò bá a ṣe mọ́. Mo ń mú wọn ní ẹyọ kọ̀ọ̀kan, mo sì ń dán iṣẹ́ wò lẹ́yìn ọ̀kọ̀ọ̀kan, nítorí pé ẹni tó bá yí gbogbo rẹ̀ padà lẹ́ẹ̀kan kì yóò mọ èyí tó bà á jẹ́. Níkẹyìn, wọ́n gbà fún ara wọn. Ìdì tuntun náà tilẹ̀ fúyẹ́ ju ti àtijọ́ lọ. Mo ka ìyẹn sí èrè.

Mo gun ọ̀kadà lọ sí Odígbó. Ìyá mi kékeré jókòó sí ẹ̀yìnkùlé, ó ń bẹ ẹ̀gẹ́. Mo gbé áàpù tuntun náà sórí fóònù rẹ̀. Ó nu ọwọ́, ó tẹ àwòrán pupa náà, ó sì gbé fóònù sí etí. Kò sí ohun tó dún.

“Ọ̀jọ̀gbọ́n,” ó ní, “ṣé o ti sọ ọkọ mi di odi ni?”

Ó ṣe é bí àwàdà, ṣùgbọ́n kò gbé fóònù náà kúrò létí kíákíá.

Mo ṣí kọ̀ǹpútà tí mo gbé dání lórí àpótí lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Kò pẹ́ kí n tó rí ìdí tí ìdì náà fi fúyẹ́. Irinṣẹ́ tuntun a máa yẹ ohun gbogbo tó wà nínú áàpù wò. Èyí tí kò bá rí ibi tí a ti pè é lórúkọ, á kà á sí pàǹtírí, á gé e sọnù. Mo ti pe àwọn àwòrán lórúkọ, nítorí náà wọ́n wà. N kò pe àwọn àgbà. Orúkọ ẹni tó ni ohùn ni ohùn kọ̀ọ̀kan ń jẹ́, nígbà tí mo sì ń kọ áàpù náà, ọwọ́ mi kò gbà láti kọ orúkọ wọn ní ìhòòhò, láìsí Bàbá tàbí Ìyá níwájú rẹ̀, bí ẹni ń pe ẹgbẹ́ rẹ̀. Mo wá ṣe é kí áàpù máa lọ mú wọn fúnra rẹ̀, láti ìlú kọ̀ọ̀kan, bí wọ́n ṣe tò tẹ̀lé ara wọn. Irinṣẹ́ àtijọ́ kò bi mí léèrè.

Ọ̀nà àbùjá wà. Mo lè pàṣẹ pé kí irinṣẹ́ má gé ohunkóhun, ṣùgbọ́n gbogbo ìdọ̀tí tí àwọn irinṣẹ́ kó wá á wà níbẹ̀ pẹ̀lú, fóònù àwọn àgbẹ̀ mìíràn tó ń lo áàpù náà kò sì láyè púpọ̀. Ohun tó tọ́ ni kí n kọ orúkọ wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, kí n ní kí irinṣẹ́ dá wọn sí. Mo ṣàlàyé èyí fún un. Òun fúnra rẹ̀, láti ọjọ́ tó ti wọ ilé ọkọ, Bàbá ni ó ń pe ọkọ rẹ̀.

Ó bẹ ẹ̀gẹ́ kan tán kí ó tó dá mi lóhùn.

“Nígbà tí àìsàn dá a dúbúlẹ̀, mo gbé e lọ sí ilé àdúrà. Wòlíì ní kí n dárúkọ rẹ̀. Mo ní Bàbá àwọn ọmọ mi ni. Ó ní bàbá àwọn ọmọ pọ̀ níwájú Ọlọ́run, èwo nínú wọn?”

“Kí lẹ wá ṣe?”

“Mo pè é. Lórúkọ, gbangba. Òun tí kò lajú láti àná, ó lajú wò mí.” Ó rẹ́rìn-ín. “Pè é, jàre. Tó bá bínú, kó wá bá mi.”

Mo kọ orúkọ rẹ̀ ṣáájú, mo sì kọ ti àwọn yòókù. Mo ti rò pé ojú yóò tì mí. Ṣe ni ó dà bí ẹni ń ka orúkọ níbi àdúrà, tí kò fẹ́ fo ẹnikẹ́ni. Mo di ìdì náà lẹ́ẹ̀kan sí i, mo sì gbé e sórí fóònù rẹ̀.

Ó tẹ àwòrán pupa. Ikọ́ díẹ̀ kọ́kọ́ jáde.

Ọ̀sán ti pọ́n, ṣùgbọ́n “Ẹ káàárọ̀, Bàbá” ni ó fi dá a lóhùn, ó sì na ọ̀bẹ ẹ̀gẹ́ sí mi pé kí n má sọ̀rọ̀.