Eégbọn Kò Bẹ̀rù Pọ́dà

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ kí àwọn ajá Life Camp. Ẹ kú ẹwà, ẹ kú òórùn dídùn, ẹ̀yin ọmọ ọlọ́lá tí ẹ ń fi ọṣẹ olóòórùn wẹ̀, tí wọ́n ń da pọ́dà sí lọ́rùn, tí ẹ ń wọ ẹ̀wù nínú oòrùn Abuja tó ń mú kí àwa ènìyàn máa bọ́ tiwa sílẹ̀. Ìbùkún ni fún ọwọ́ tó ń ya irun yín. Mo ti rí ọ̀kan nínú yín tí wọ́n ń gbé lọ síbi ìṣaralóge ajá ní àárọ̀ Sátidé. Òun ló jókòó níwájú ọkọ̀, ìyá ìyá ẹni tó ni ọkọ̀ wà lẹ́yìn. Ẹni tó bá fẹ́ mọ bí ìlú kan ṣe lajú tó, kó má wulẹ̀ wo ilé ìwé, kó má wo ilé ìwòsàn. Kó kàn gbóòórùn ajá ibẹ̀.

Lẹ́tà kan ló fa ọ̀rọ̀ yìí. Ìgbìmọ̀ àdúgbò tí mò ń gbé ní Life Camp ló kọ ọ́, pé àwọn yóò wọ ilé kọ̀ọ̀kan láti wo ajá, pé èyí tó bá ní eégbọn, tàbí tí ìrísí rẹ̀ kò bá àdúgbò mu, yóò kúrò láàárín ọjọ́ méje. Ajá ilé lásán ni tèmi, ó pupa rúsúrúsú, etí rẹ̀ kan dúró, èkejì dùbúlẹ̀. Jikwoyi ni mo ti rà á lọ́wọ́ obìnrin kan tí ajá rẹ̀ bí mẹ́fà. Mo ka lẹ́tà náà lẹ́ẹ̀mejì, mo sì rẹ́rìn-ín. Ẹ̀yin ọmọ mi, ẹ má rò pé ẹ̀rù bà mí. Wọ́n ti bá wa ṣe irú ẹjọ́ yìí rí, àwa la sì jàre.

Nígbà tí mo wà ní kékeré, tí Karu lẹ́bàá Abuja kò tíì ní èrò tó báyìí, ilé oníyàrá mẹ́fà kan la ń gbé níbẹ̀, ọ̀dọ̀ bàbá arúgbó kan tó jẹ́ Gbàgyí, ọmọ onílẹ̀ ibẹ̀. Ẹyọ yàrá kan la gbà, ní ẹ̀yìn. Àwọn yàrá méjì tó wà níwájú, ọ̀gá ìjọba kan àti ìyàwó rẹ̀ ló gbà á, wọ́n ń retí ilé ìjọba tí kò tètè dé. Igi dóńgóyárò ńlá kan wà láàárín àgbàlá, abẹ́ rẹ̀ ni gbogbo ilé ti ń fọṣọ, tí ń ṣẹ́ ẹ̀fọ́, tí ń sọ̀rọ̀ ara wọn.

Bàbá mi ń ta abọ́ tánganran nínú ọjà. Mùsùlùmí láti Ògbómọ̀ṣọ́ ni, kò sì fẹ́ ajá nínú yàrá. Nítorí olè nìkan ló ṣe gbà á, torí pé bí ẹrù bá kún yàrá, ìta ni èyí tó kù ń sùn. Òfin rẹ̀ kò ṣòro. Ajá kò gbọdọ̀ kọjá ẹnu ọ̀nà, abọ́ rẹ̀ kò sì gbọdọ̀ bá tiwa pàdé. Bó bá fẹnu lá ohun kan, a ó fọ̀ ọ́ lẹ́ẹ̀méje, a ó fi yẹ̀pẹ̀ fọ̀ ọ́ lẹ́ẹ̀kan nínú méje náà. Èmi ni mò ń fọ̀ ọ́. Kí n tó wọ ilé ìwé ni mo ti mọ òǹkà dé méje, ajá ló kọ́ mi.

Ìyá mi ló sọ ajá náà ní Tèmiyẹmí, nítorí àwọn tó ń béèrè ohun tí ìyàwó Mùsùlùmí ń fi ajá ṣe. Abọ́ olódòdó kan tó ti ṣá létí, tí kò ṣeé tà mọ́, ló fi ń jẹun. Ìyá mi a máa po ìdí ìkòkò ìrẹsì, túwó àná àti omi ọbẹ̀ pọ̀, a sì jẹ́ kó tutù kó tó gbé e sílẹ̀, nítorí ó ní oúnjẹ gbígbóná ń pa imú ajá. Bàbá mi kì í fọwọ́ kàn án rárá. Ṣùgbọ́n bó bá jẹun tán ní ìrọ̀lẹ́, ẹran tó ń kù lára egungun rẹ̀ a máa pọ̀ ju bó ṣe yẹ lọ. Bí ìyá mi bá béèrè, a ní eyín ń dun òun. Eyín yẹn kì í dùn ún lọ́jọ́ tí ajá bá ti yó.

Bí a bá ti ilé ìwé dé, èmi àti ẹ̀gbọ́n mi obìnrin a fa Tèmiyẹmí lọ sábẹ́ dóńgóyárò. Ẹ̀gbọ́n mi a di ẹnu rẹ̀ mú, èmi a máa wá eégbọn nínú etí, láàárín ọmọ ìka ẹsẹ̀, lábẹ́ ìrù, níbi tí awọ ọrùn ti ká jọ. A kì í já eégbọn bí ẹni já ewé o. Bí ẹ bá já a, orí rẹ̀ á kù sínú ara ajá, ibẹ̀ á sì wú. Ẹ ó fi èékánná mú un nídìí, ẹ ó rọra fà á títí yóò fi jọ̀wọ́ ara rẹ̀. Inú agolo tó ní kẹrosíìnì díẹ̀ là ń sọ ọ́ sí. Lẹ́yìn náà ni a ó fi ọṣẹ dúdú wẹ̀ ẹ́, tí a ó wá fi omi ewé dóńgóyárò tí ìyá mi ti sè ṣan án. N kò ní purọ́ fún yín, kò ta sánsán. Ó ń rùn bí àgbo, ṣùgbọ́n ara rẹ̀ mọ́.

Ìyàwó ọ̀gá náà ní ajá tirẹ̀. Màdáámù ni gbogbo ilé ń pè é, ajá rẹ̀ sì funfun, irun rẹ̀ gùn débi pé ó ṣòro láti mọ èwo ni iwájú. Agolo ni ẹran rẹ̀ ti ń jáde. Láràárọ̀, Màdáámù a gbé àga síta, a fi búrọ́ọ̀ṣì ya irun rẹ̀, a sì da pọ́dà lé e, tó ń bá a sọ gẹ̀ẹ́sì. Gbogbo wa la máa ń dúró wò ó. Ẹ̀gbọ́n mi ló ń pẹ́ níbẹ̀ jù.

Bó ṣe di ọjọ́ kan ni ajá funfun bẹ̀rẹ̀ sí í họra. Màdáámù kò tú irun ajá rẹ̀ wò. Ọ̀dọ̀ bàbá onílé ló gbà lọ, ó ní ajá àwọn ará ẹ̀yìn ló kó eégbọn ran ajá òun, pé bí ajá wa kò bá kúrò, àwọn ni yóò kúrò. Bàbá onílé ronú kan yàrá méjì, ó ronú kan yàrá kan. Ó ránṣẹ́ sí bàbá mi pé ní ọjọ́ Jímọ̀, tí wọ́n bá ti mọ́sálásí dé, òun fúnra òun yóò wá yẹ ajá náà wò. Bí òun bá rí ẹyọ eégbọn kan péré lára rẹ̀, ajá náà kò gbọdọ̀ sùn ní ilé náà mọ́. Gbogbo wa la sì mọ ibi tí ajá tí kò nílé ń lọ nígbà náà. Ìkòkò ata kan wà lẹ́yìn ọjà tí kì í tutù.

Àwọn ará ilé gba ìyá mi nímọ̀ràn pé kó lọ kúnlẹ̀ fún Màdáámù, pé ẹni ńlá ni, ìbínú rẹ̀ kò ní pẹ́ tutù. Ìyá mi ń fọ ìkòkò lọ́wọ́, kò gbójú sókè.

"Ẹ jẹ́ kí wọ́n bá eégbọn náà lára rẹ̀ ná. Ìgbà yẹn ni màá mọ ohun tí mò ń kúnlẹ̀ fún."

Láti ọjọ́ náà, ẹ̀ẹ̀mejì lójúmọ́ la fi ń wá eégbọn lára Tèmiyẹmí. Mo wá a títí èékánná mi fi ń dùn mí, títí ajá náà fi ń sá bó bá ti rí mi. Ní ọjọ́ Jímọ̀, ara rẹ̀ mọ́ bí abọ́ tuntun. Ṣùgbọ́n ẹ̀gbọ́n mi rò ó pé ara mímọ́ nìkan kò lè tó níwájú ọlọ́lá. Ó mú agolo pọ́dà ìyá mi, ó sì dà á sí ajá láti orí dé ìrù. Ká tó mọ̀, Tèmiyẹmí ti dà bí ẹni tó ṣubú sínú àpò èlùbọ́, bàbá mi àti bàbá onílé sì ti ń wọlé bọ̀. Ọ̀gá àti ìyàwó rẹ̀ ti dúró sẹ́nu ọ̀nà tiwọn.

Bàbá onílé gbọ́ Yorùbá díẹ̀ lọ́dọ̀ àwọn oníṣòwò. Ó wo ajá, ó wo bàbá mi.

"Kai. Kí lẹ bò mọ́lẹ̀ lábẹ́ pọ́dà yìí?"

Màdáámù rẹ́rìn-ín. "Mo sọ fún yín, Bàbá. Ẹni tí kò bá ní eégbọn pa mọ́ kò ní da pọ́dà sí ajá lára."

Ẹ̀gbọ́n mi bú sẹ́kún. Bàbá mi wolẹ̀. Ṣùgbọ́n ìyá mi rọra nu ọwọ́ rẹ̀ sí ìró.

"Ẹ jọ̀ọ́ Màdáámù, ẹ tún un sọ, kí bàbá onílé gbọ́ ọ dáadáa."

Bàbá onílé yí ojú sí ajá funfun tó jókòó sórí àga pẹ̀lú pọ́dà àárọ̀ lọ́rùn rẹ̀. Ó wò ó pẹ́.

"Yauwa," ó wí. "Ẹ bu omi wá. Àwọn méjèèjì la ó fọ̀."

Tiwa ni wọ́n kọ́kọ́ fọ̀. Bàbá arúgbó náà ká ọwọ́ ẹ̀wù rẹ̀ sókè, ó wo inú etí, ó ya ọmọ ìka ẹsẹ̀, ó gbé ìrù. Kò rí nǹkan kan. Nígbà tó kan ti ajá funfun, Màdáámù ní omi tútù yóò kó àìsàn bá a. Ọkọ rẹ̀ ló sọ pé kí wọ́n fọ̀ ọ́, ojú ti ń tì í. Bí omi ṣe kàn án, ajá náà súnkì, ó kéré bí òkété tó jábọ́ sódò. Ẹ̀yìn etí rẹ̀ kún fún eégbọn bí inú bàrà ṣe kún fún kóró. Bàbá onílé kà á dé ogún, ó sì dẹ́kun kíkà.

Mo rò pé ìyá mi yóò kọrin èébú. Kò kọ ọ́. Ó wọlé, ó gbé agolo kẹrosíìnì jáde, ó gbé e síwájú Màdáámù.

"Ẹ má já a o. Ẹ rọra fà á."

Màdáámù sì jókòó sábẹ́ dóńgóyárò lọ́jọ́ náà pẹ̀lú aṣọ olówó ńlá lára rẹ̀, ẹ̀gbọ́n mi di ẹnu ajá funfun mú fún un. Ní ìrọ̀lẹ́, eyín dun bàbá mi gan-an. Odindi ẹran ló fi sílẹ̀.

Ìgbà ti yí padà, n kò sì sọ pé gbogbo ìyípadà ló burú. Abẹ́rẹ́ tí wọ́n ń gún fún ajá lónìí dára, mo ń gba ti ajá mi lọ́dọọdún. Nígbà tiwa, orí wa nìkan ló ń gbà wá lọ́wọ́ dìgbòlugi. Ohun tí mò ń bá jà ni ẹni tó ní ajá tí kò lè fi ìka bọ etí rẹ̀, tó ń sanwó kí ẹlòmíràn bá a mọ ajá náà. Ọmọ ọmọ mi ń gbọ́ Yorùbá, kò fẹ́ sọ ọ́. Ṣùgbọ́n mo ti kọ́ ọ bí a ṣe ń fa eégbọn, ó sì mọ̀ ọ́n ṣe ju mí lọ báyìí, nítorí ojú rẹ̀ ríran.

Mo ti sọ fún gbogbo ẹni tó bi mí pé n kò ní bẹ ìgbìmọ̀ kankan, n kò ní gbé ajá lọ síbi ìṣaralóge, n kò sì ní wọ̀ ọ́ ní ẹ̀wù. Bí wọ́n bá fẹ́ lé e, kí wọ́n lé èmi náà. Wọ́n dé ní Sátidé tó kọjá, àwọn mẹ́ta, wọ́n mú ìwé dání. Wọ́n wo etí, wọ́n wo ẹsẹ̀, wọn kò rí nǹkan kan. Wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀ pé ara ajá mi mọ́, pé kó dúró. Ọ̀kan nínú wọn, ọ̀dọ́bìnrin kan tó ń ṣiṣẹ́ ní báńkì, bẹ̀rẹ̀, ó gbóòórùn ọrùn rẹ̀, ó rẹ́rìn-ín músẹ́. Ó ní, "Màmá, kí lẹ fi ń wẹ̀ ẹ́?"

Mo ní omi dóńgóyárò ni.

Omi dóńgóyárò ni lóòótọ́. Ṣùgbọ́n pọ́dà tún wà níbẹ̀. Èmi ni mo dà á sí i lọ́rùn láàárọ̀ ọjọ́ náà, kí wọ́n tó kan ilẹ̀kùn.