Ẹfun Inú Iṣan

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ tún un ṣe, nítorí kò sẹ́ni tó bá mi tún un ṣe láti ìgbà náà wá: n kò jí òkú kọ̀ǹkọ̀. Iyọ̀ ni mo wọ́n sí i lẹ́sẹ̀.

Lẹ́yìn tí àwọn sójà gba ìjọba ilẹ̀ wa, ilẹ̀ elédè Faransé, ní 1972, tí gbogbo wa ń pe ara wa ní kámáráàdì, àṣẹ wá pé kí àwa olùkọ́ líséè, ilé ẹ̀kọ́ girama, máa fi èdè ilé kọ́ ará àdúgbò. Inú mi dùn. Faransé ni mo fi kọ́ nípa ara ẹ̀dá ní yunifásítì, mi ò sì rí bí mo ṣe lè sọ ọ́ fún ìyá mi rí.

Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, nínú àgbàlá kan ní Houinmè, àdúgbò wa, mo bó awọ ẹsẹ̀ kọ̀ǹkọ̀ tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ pa, mo wọ́n iyọ̀ sí i. Ẹsẹ̀ náà bẹ̀rẹ̀ sí í ta pọ́nrán. Àwọn obìnrin pariwo, wọ́n rẹ́rìn-ín. Mo ní iṣan tó ń fa ẹran ara ni mò ń wí, kì í ṣe iṣan tí ẹ̀jẹ̀ ń gbà, orúkọ kan náà la kàn fún àwọn méjèèjì. Mo ní bí ara bá ránṣẹ́ sí iṣan yìí, ohun tó wà nínú iyọ̀ á wọlé, ohun tó wà nínú eérú á jáde. Àpò kéékèèké inú iṣan á wá ṣí, kálísíọ̀mù á tú jáde, ẹran á sún kì. Kí ẹran tó tún dẹ̀, ara gbọ́dọ̀ ṣiṣẹ́ láti kó o padà sínú àpò. Òkú ò lágbára iṣẹ́ yẹn mọ́, ìyẹn ló ṣe ń le gbagidi.

"Kí wá ni kálísíọ̀mù?" ni ìyá àgbà kan bi mí.

Mo na ẹfun ìkọ̀wé sókè. "Ó wà nínú èyí, ìyá. Ẹfun."

Ọ̀rọ̀ yẹn ló pa mí. Kí ilẹ̀ tó mọ́, àdúgbò ti gbọ́ pé mo po ẹfun, iyọ̀ àti eérú pọ̀, mo fi jí òkú. Ìgbà yẹn gan-an ni ìjọba ń ṣọdẹ àjẹ́ kiri. Alága ìgbìmọ̀ àdúgbò ránṣẹ́ pè mí. Ọmọ Nàgó tó ń sọ èdè wa bíi tèmi ni, líséè kan náà la ti ń kọ́ni.

"Kámáráàdì, ẹfun ọlọ́rìṣà lo gbé wá síwájú ará ìlú?"

"Amọ̀ funfun ni tọlọ́rìṣà, kò sí kálísíọ̀mù nínú rẹ̀. Èyí tí ìwọ náà fi ń kọ Faransé sójú pátákó ni mo wí."

"Ẹ gbọ́ ọ! Ó mọ tọlọ́rìṣà délẹ̀délẹ̀!" Àwọn tó jókòó tì í bú sẹ́rìn-ín. "Sọ ọ́ ní gbangba pé o ṣèèṣì, o ó padà sí kíláàsì rẹ."

"Mi ò ṣèèṣì."

Wọ́n gba kíláàsì lọ́wọ́ mi, wọ́n ní kí n máa ṣọ́ àwọn àga tó ti ṣẹ́ nínú yàrá ẹrù. Láti ẹ̀yìn ògiri ni mo ti ń gbọ́ ẹni tí wọ́n fi rọ́pò mi. Ó ń ka ẹ̀kọ́ mi ní Faransé, àwọn ọmọ ń tún un kà bí àdúrà. Ó ní ìgbà tí kálísíọ̀mù bá padà sínú àpò ni ẹran ń sún kì. Òdìkejì ni! Kò sẹ́ni tó pe òun lẹ́jọ́.

Àwọn tí a jọ ń mu kọfí kò kí mi mọ́. Ìyá mi ní, "Ọmọ mi, ṣé o ò lè fún un lórúkọ mìíràn ni?"

"Orúkọ rẹ̀ nìyẹn, ìyá."

Ó gbé oúnjẹ síwájú mi, ó jáde lọ.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, aránṣọ kan nahùn sí mi láti òdìkejì títì: "Ẹlẹ́fun! Orúnkún mi ti le o, wá bá mi jí i!" Àwọn oníbàárà rẹ̀ ń rẹ́rìn-ín. Ó yẹ kí n bú u. Ṣùgbọ́n ó ti pẹ́ tẹ́nikẹ́ni ti pè mí. Mo sọdá lọ bá a, mo bẹ̀rẹ̀ àlàyé. Ó ti tẹjú mọ́ ẹ̀rọ rẹ̀ kí n tó sọ̀rọ̀ dé ìdajì. Mo sọ ọ́ tán.