Ọkọ Ìyàwó Tí Orin Sọ Di Ọkọ̀

Ẹ̀yin àbúrò mi tí ẹ ń dàgbà nílùú òyìnbó, ẹ jẹ́ kí n sọ ohun kan tó ń dùn mí fún yín. Ní ọ̀sẹ̀ méjì sẹ́yìn, mo sáré kúrò níbi iṣẹ́ ní Woodbridge lọ mú ọmọ mi ní daycare, tó wà nísàlẹ̀ ilé ṣọ́ọ̀ṣì Lutheran kan ní Rexdale, ní Toronto níbí. Mò ń wọ bàtà winter fún un lọ́wọ́ ni àwọn akọrin bẹ̀rẹ̀ ìgbáradì lókè orí wa. Fèrè kan ló kọ́kọ́ dún, dùùrù tẹ̀ lé e, ohùn àwọn obìnrin wá ń gòkè díẹ̀díẹ̀ bí ẹni ń gun àtẹ̀gùn. Mo jókòó sílẹ̀, bàtà ẹsẹ̀ kan lọ́wọ́.

"Mummy, are you crying?"

Mo ní òtútù ni.

Mo mọ orin náà. Kantátà ni, orin ìsìn gígùn tí wọ́n kọ fún ìjọ Lutheran ní Jámánì láyé àtijọ́: ẹnì kan á dá kọ, ẹgbẹ́ á gbè é, orin pẹ̀lẹ́ kan á sì parí rẹ̀. Áńgílíkà ni wá ní Abẹ́òkúta, ṣùgbọ́n Bàbá Onídùùrù, bàbá Yétúndé ọ̀rẹ́ mi, tí wọ́n ń kọ́ àwa ọmọdé akọrin, ní orin tó dára kì í béèrè ìjọ tí èèyàn ń lọ. Ọdún tí a pé ọmọ ọdún mọ́kànlá ni wọ́n jókòó tì í, tí wọ́n ń túmọ̀ rẹ̀ sí Yorùbá, tí wọ́n ń kọ sol-fa rẹ̀ sẹ́yìn kàlẹ́ńdà tó ti lọ. Èmi àti Yétúndé la ń fi rúlà fa ìlà fún wọn. Bí ìlà bá wọ́, wọ́n á ní, "Ẹ̀yin ìyàwó mi, ṣé ẹ ti mu ẹmu ni?"

Ọ̀rọ̀ ọkọ ìyàwó tí àwọn wúńdíá ń gbé fìtílà dúró dè ni orin náà dá lé. Ṣùgbọ́n níbi tó yẹ ká ti kọ "Ọkọ ìyàwó ń bọ̀", orin já wálẹ̀ kí a tó pe "ọkọ" tán. Ohun tó ń jáde lẹ́nu wa ni "Ọkọ̀ ìyàwó ń bọ̀." Bàbá ò gbọ́ ọ, ìfẹ́ orin náà ti dí wọn létí. Èmi ni mo kọ́kọ́ gbọ́ ọ. Mo dúró nídìí kànga ṣọ́ọ̀ṣì, mo ń ṣe bí awakọ̀: "Píìn! Píìn! Ọkọ̀ ìyàwó ń bọ̀, ẹ yà lọ́nà!" Àwọn ọmọ Sunday school fẹ́rẹ̀ẹ́ fi ẹ̀rín pa ara wọn.

Lọ́jọ́ tí a kọ ọ́ níwájú ìjọ, bí a ṣe débẹ̀, ẹnì kan ké láti ẹ̀yìn: "Píìn! Píìn!" Ẹ̀rín bú. Ìyá Ìjọ pàápàá fi ìwé orin bojú. Bàbá gbọ́wọ́ kúrò lórí dùùrù, wọ́n ka ọ̀rọ̀ náà sẹ́nu wúyẹ́wúyẹ́, mo sì rí ojú wọn nígbà tí wọ́n gbọ́ ọ fúnra wọn. Wọ́n rọra pa dùùrù dé. Láti ọjọ́ náà, wọn ò kọ́ wa lórin tuntun mọ́.

"Ta ló bẹ̀rẹ̀ ẹ̀?" Yétúndé bi mí lẹ́yìn ìsìn.

"Mi ò mọ̀."

"Fi Bíbélì búra."

Mo búra. Ó wò mí títí, ó bá tirẹ̀ lọ. Kí oṣù kan tó pé, òun àti àwọn ará ilé wọn ti kó lọ sí Ìlọrin.

Ọmọ mi tí mo bí sí Toronto kò mọ ohùn Yorùbá í yà sọ́tọ̀. Bí a ṣe kúrò ní daycare lọ́jọ́ yẹn tí bọ́ọ̀sì yọ, ó ní "ọkọ́ ti dé," bí ẹni ń pe ọkọ́ ìroko. Mi ò jẹ́ rẹ́rìn-ín.

Nọ́ńbà Yétúndé ti wà lọ́wọ́ mi láti ìgbà tí bàbá rẹ̀ kú. "Ẹ kú ará fẹ́ra kù" nìkan ni mo kọ sí i nígbà náà. Inú bọ́ọ̀sì ni mo wá ti fi ohùn ránṣẹ́: "Yétú, èmi ni mo bẹ̀rẹ̀ ẹ̀. Jọ̀ọ́, má bínú."

Ọjọ́ kẹta ló tó fèsì. "Mo mọ̀. Bàbá náà mọ̀. Wọ́n ní etí ẹ dáa, pé ọmọ tó gbọ́ orin ni ẹ́. Ọjọ́ yẹn gan-an ni wọ́n ti dárí jì ẹ́." Ó dákẹ́ díẹ̀. "Èmi ni mi ò tíì ṣe tán."

Mo tún un gbọ́ lẹ́ẹ̀mejì. Ohùn rẹ̀ ti nípọn, ohùn ìyálọ́mọ ni, ṣùgbọ́n bó ṣe máa ń dákẹ́ kó tó sọ òótọ́ ọ̀rọ̀ ò yí padà láti kékeré. Mo dá a lóhùn pé, "Má kánjú."